Àìsàn ọ̀tọ̀, ìtìjú ọ̀tọ̀: ohun tí Stephen Hinshaw rí lára ọmọdé àti lára bàbá rẹ̀

Ọmọ ọdún 18 ni Stephen Hinshaw nígbà tó ti Yunifásítì Harvard wálé fún ìsinmi ránpẹ́ ní ọdún 1971. Ìlú Columbus, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ni ilé wọn wà. Bàbá rẹ̀, Virgil Hinshaw, ọ̀jọ̀gbọ́n fílọ́sọ́fì ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio, pè é wọ yàrá ìkàwé. Ohun tó sọ fún un níbẹ̀ ni pé láti ìgbà tí òun ti wà ní ọmọ ọdún 16 ni ọpọlọ òun ti máa ń dàrú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pé wọ́n ti dá òun dúró sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Gbogbo ìgbà tí bàbá ń pòórá nílé, tí ẹnikẹ́ni kò sọ ibi tó lọ fún àwọn ọmọ, ibẹ̀ ló wà.

Ọdún 18 gbáko ni wọ́n fi pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́, kì í sì í ṣe torí pé wọn kò fẹ́ràn ọmọ wọn. Dókítà ló kìlọ̀ fún bàbá pé kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ láéláé, pé bí àwọn ọmọ bá gbọ́, ayé wọn bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ ro bó ṣe rí lójú ọmọ kékeré. Nígbà tí Stephen wà ní kíláàsì kẹta, bàbá rẹ̀ lọ, kò sì padà wálé jálẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ náà. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé. Ọmọdé tí àgbà kò bá ṣàlàyé nǹkan fún máa ń ṣe àlàyé fún ara rẹ̀, àlàyé tó sì máa ń yá a jù ni pé òun lòun ṣẹ̀.

Ọmọ yẹn ló di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì California ní Berkeley. Iṣẹ́ méjì ló gbájú mọ́ láti ohun tó lé ní 40 ọdún: àìsàn ọpọlọ ọmọdé, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní ADHD, ìyẹn àìlèfọkànsí àti àìlèjókòó jẹ́ẹ́, àti ojú tí àwùjọ fi ń wo ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò dá. Mo fẹ́ fi ìtàn rẹ̀ tú okùn kan tó ti lọ́ mọ́ra wọn lọ́wọ́ wa, nítorí pé nǹkan mẹ́ta la máa ń dà pọ̀: ìwà ọmọ, àìsàn ọmọ, àti ìtìjú tó ń bá àìsàn rìn. Èdè wa fúnra rẹ̀ ń dá kún un. "Wèrè" là ń pe ẹni tó ń rìn káàkiri ọjà, òun náà là ń pe ọmọ tó da omi nù, òun là ń pe awakọ̀ tó já sọ́nà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹrù tó gbé sórí pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ bàbá bẹ̀rẹ̀, torí àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ sí i ṣì ń ṣẹlẹ̀ dòní.

Ọdún 1936 ni, ní Pasadena ní California. Ìròyìn Hitler àtàwọn Násì gba gbogbo ilé kan. Virgil, ọmọ ọdún 16, kò sùn mọ́, ọkàn rẹ̀ ń sáré, ó wá dá a lójú pé òun ni wọ́n yàn láti gba ayé là lọ́wọ́ wọn, pé òun lè fò. Ó gun orí òrùlé ilé wọn, ó sì fò sílẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ kò lọ sí i. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, ó lò tó oṣù mẹ́fà níbẹ̀, wọ́n sì dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà orí rẹ̀ pé padà, bí ìgbà tí ìkùukùu bá ká kúrò lójú oòrùn. Ó padà sí ilé ẹ̀kọ́, ó sì yege. Ó kàwé títí dé Princeton, ó gba oyè dókítà, ó kọ̀wé nípa èrò Albert Einstein lórí àwùjọ. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1940 orí tún dàrú, wọ́n sì gbé e lọ sí Byberry, ilé ìwòsàn ńlá kan ní Philadelphia, irú ibi tí ìwé ìròyìn Life gbé àwòrán inú rẹ̀ jáde ní 1946 tí gbogbo Amẹ́ríkà sì figbe ta: àwọn èèyàn ní ìhòòhò, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n jókòó sí.

Schizophrenia ni orúkọ tí wọ́n fún àìsàn rẹ̀, orúkọ yẹn ló sì jẹ́ fún bí 40 ọdún. Orúkọ náà kì í ṣe tirẹ̀. Bipolar ló ń ṣe é.

Ìyàtọ̀ rèé, ẹ má jẹ́ kó sú yín, torí ó ṣe pàtàkì. Ẹni tó ní schizophrenia máa ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́, ó lè gbà pé wọ́n ń ṣọ́ òun, ìrònú rẹ̀ lè já gbà-já-gbà. Àìsàn náà sì sábà máa ń jókòó ti èèyàn. Ní ti bipolar, ọkàn èèyàn ló ń gòkè, tó ń sọ̀kalẹ̀. Bó bá gòkè, èèyàn kò ní sùn, á máa sọ̀rọ̀ bí òjò, á náwó bí ẹlẹ́dà, á gbà pé kò sóhun tóun ò lè ṣe. Bó bá sọ̀kalẹ̀, dídìde lórí bẹ́ẹ̀dì á di iṣẹ́ ńlá. Láàárín méjèèjì, ara rẹ̀ á dá ṣáká, á máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe rí. Ohun tó ń da dókítà rú ni pé ẹni tó bá gòkè dé góńgó lè máa gbọ́ ohùn náà. Ní Amẹ́ríkà ìgbà yẹn, kété tí wọ́n bá ti gbọ́ "ohùn", schizophrenia ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí fi dókítà New York wé ti London ní ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n rí i pé ti New York ń lo orúkọ yẹn jù ú lọ fíìfíì. Àwọn aláìsàn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ojú àwọn dókítà ló yàtọ̀.

Ta ló wá rí àṣìṣe náà? Ọmọ ni. Stephen ń ka ìwé nípa ọpọlọ ní yunifásítì, ó ń fi ohun tó ń kà wé ohun tí bàbá ń sọ fún un, ó sì rí i pé ẹni tó ń ṣàìsàn tó tún ń gbádùn pátápátá, tó ń kọ́ni ní yunifásítì, àpèjúwe bipolar ló bá a mu. Bàbá gba orúkọ tuntun, ó sì gba oògùn lithium, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1970. Orúkọ àìsàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Oògùn tí wọ́n máa fún èèyàn, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wọ́ tẹ̀ lé.

Ẹ̀rù ba ọmọ náà fúnra rẹ̀. Bí bàbá bá ní in, ṣé òun kọ́ ló kàn? Àwọn òru kan wà tí kò lè sùn, torí àìsùn gan-an ni àmì àkọ́kọ́. Kò sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ kankan. Ẹ rí i bí ìpalẹ́numọ́ ṣe ń jẹ́ àjogúnbá ju àìsàn lọ.

Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé ló gbà lọ. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àti àgọ́ àwọn ọmọ tí nǹkan kò rọrùn fún, ó wá gba oyè dókítà ní Yunifásítì California ní Los Angeles ní 1983. Lójú tèmi, ẹni tó bá ti jẹ́ ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé nǹkan fún rí, kò yani lẹ́nu pé ọmọdé ló yàn láti máa ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ kí n mú ADHD wá sílé. Ní prámárì mẹ́ta wa, ọmọkùnrin kan wà tí a ń pè ní Ẹsẹ̀-ò-gbélé. Kí tíṣà tó kọ déètì tán sójú bọ́ọ̀dù, ó ti dìde lẹ́ẹ̀mẹta. Á dáhùn ìbéèrè kí wọ́n tó bi í tán, á já bírò gbà lọ́wọ́ ẹlòmíì, á gbàgbé báàgì rẹ̀ sídìí igi máńgòrò. Ẹgba ni oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀. Wọ́n á ní kó kúnlẹ̀ kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kódà lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣì máa jó. Ọmọbìnrin kan náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìta ló máa ń wò. Bí tíṣà bá pè é, á ta gìrì bí ẹni jí lójú oorun, gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín. Ipò rẹ̀ nínú ìdánwò kì í kúrò nísàlẹ̀. "Olódo" ni wọ́n pè é, wọ́n sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Èmi kì í ṣe dókítà, n kò lè sọ ohun tó ṣe àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka iṣẹ́ Hinshaw, àwọn ni mo rí. Ọmọ tó ní ADHD lè jẹ́ irú ti àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ irú ti èkejì, ó sì lè jẹ́ àpapọ̀ méjèèjì. Ohun tí kò tó lára rẹ̀ ni agbára tí ọpọlọ fi ń darí ara rẹ̀: láti dúró díẹ̀ kéèyàn tó ṣe nǹkan, láti di ọ̀rọ̀ kan mú lọ́kàn títí iṣẹ́ á fi parí, láti kúrò lórí ohun tó dùn bọ́ sórí ohun tó pọn dandan. Ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi lè gbá géèmù fún wákàtí mẹ́ta láìmira, kó má sì lè kọ ìlà mẹ́ta nínú iṣẹ́ àṣetiléwá. Òbí á ní, "Ó ń díbọ́n ni, ó lè jókòó nígbà tó bá wù ú." Kò díbọ́n. Géèmù ń san èrè lójú ẹsẹ̀, ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Iṣẹ́ àṣetiléwá ń sọ pé ká dúró di ìparí táàmù. Ọpọlọ tí bíréèkì rẹ̀ kò múná, ibi tí èrè bá wà lọ́wọ́lọ́wọ́ ló ń sáré lọ.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ń sáré kiri ló ní in. Kí dókítà tó lè pè é ní ADHD, ó gbọ́dọ̀ ti wà fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kó ti yọjú kí ọmọ tó pé ọdún 12, kó fara hàn ní ibi tó ju ọ̀kan lọ, nílé àti níléèwé, kó sì máa dí ọmọ náà lọ́wọ́ lóòótọ́. Kárí ayé, nǹkan bí ọmọ 5 nínú 100 ló ní in.

Fún ìgbà pípẹ́, àìsàn ọmọkùnrin ni wọ́n kà á sí, torí ọmọkùnrin ló ń fọ́ nǹkan. Hinshaw kò gbà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1997, 1998 àti 1999, ó pe àwọn ọmọbìnrin ọdún 6 sí 12 ní agbègbè San Francisco wá sí àgọ́ ìsinmi. Àwọn 140 ní ADHD, àwọn 88 kò ní in. Wọ́n jọ yàwòrán, wọ́n jọ ṣeré, wọ́n jọ jókòó sí kíláàsì. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣàkíyèsí wọn kò mọ ẹni tó ní in àti ẹni tí kò ní in, kí ojú wọn má bàa ti mọ ohun tí wọ́n ń wá. Wọ́n tún ń bi ọmọ kọ̀ọ̀kan léèrè, ní bòókẹ́lẹ́: ta lo fẹ́ràn láti bá ṣeré, ta ni o kò fẹ́ràn?

Ìbéèrè kejì yẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ ọkùnrin yìí. Níbi tó ti kọ́kọ́ bá àwọn ọmọkùnrin ṣe irú rẹ̀, kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó parí ni àwọn ọmọ tí kò mọra wọn rí ti ń sọ ẹni tí wọn kò fẹ́. Ọjọ́ kan péré! Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin sì tún le síwájú sí i, torí ohun tí wọ́n ń retí lọ́dọ̀ ọmọbìnrin ni pé kó rọra, kó létò, kó gbọ́ràn. Èyí tó ń já lu ọ̀rọ̀ ẹlòmíì, wọ́n á ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Èyí tó ń wo ìta, wọn kò tiẹ̀ ní rí i.

Hinshaw kò jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn bọ́ sọnù. Ó ń padà tọ̀ wọ́n lọ títí wọ́n fi dàgbà. Ní 2012, nígbà tí wọ́n ti di ọ̀dọ́bìnrin, ó gbé ohun tó rí jáde, ó sì burú ju bó ṣe rò lọ. Nínú àwọn tí ADHD tiwọn jẹ́ àpapọ̀ irú méjèèjì láti kékeré, nǹkan bí 22 nínú 100 ti gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara wọn rí. Nínú àwọn tí kò ní ADHD, 6 nínú 100 ni. Àwọn tó ti ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ara wọn léṣe lé ní ìdajì, 51 nínú 100, nígbà tó jẹ́ 19 lára àwọn yòókù. Ohun tó wà láàárín kíláàsì prámárì àti ìbànújẹ́ yẹn, òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá a lọ: ìwàǹwára tó bá wọn dàgbà wà níbẹ̀, kíkọ̀ tí ẹgbẹ́ kọ̀ wọ́n náà sì wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá ń sọ pé ayé sú òun, ẹ má ṣe sọ pé eré ló ń ṣe. Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í léèrè gbangba, ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè tí ìyá ń bi ara rẹ̀ lóru wá ni: ṣé ọwọ́ mi ni? Wọ́n ti fi ìbejì wádìí rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ìbejì tó jọra délẹ̀délẹ̀ àti èyí tí kò jọra. Ohun tó hàn ni pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tó ń mú ọmọ kan yàtọ̀ sí òmíràn nínú ADHD, inú àjogúnbá ló ti wá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí gíga. Nítorí náà, kì í ṣe àìtọ́jú ló fà á, kì í ṣe ṣúgà, kì í sì í ṣe pé ìyá kò na ọmọ tó.

Síbẹ̀ òbí kò ní ká ọwọ́ gbera. Iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan tí Hinshaw wà lára àwọn tó ṣe é, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 1999, kó ọmọ 579 jọ, àwọn ọmọ ọdún 7 sí bí 10. Wọ́n pín wọn sí mẹ́rin fún oṣù 14: àwọn kan gba oògùn tí wọ́n ń fojú tó dáadáa, àwọn kan gba ẹ̀kọ́ ìhùwàsí, àwọn, òbí àti tíṣà lápapọ̀, àwọn kan gba méjèèjì, wọ́n ní kí àwọn yòókù máa gba ìtọ́jú tó bá wà ládùúgbò wọn. Oògùn ló borí níbi àìlèjókòó àti àìlèfọkànsí. Ṣùgbọ́n níbi àjọṣe pẹ̀lú ọ̀rẹ́, ilé àti ìwé, àpapọ̀ méjèèjì ló ń so èso. Hinshaw wá tú u wò sí i, ó rí i pé nínú àwọn tó gba méjèèjì, ilé tí òbí ti dín ìjágbe àti ìbáwí tí kò lórí tí kò nídìí kù gan-an ni ọmọ ti ń yí padà níléèwé, débi pé tíṣà kò fi ń rí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àtàwọn yòókù.

Ó jọ pé ọ̀rọ̀ méjì yìí ń ta kora, àmọ́ wọn kò ta kora. Ẹ wo ọmọ tó ní ẹ̀jẹ̀ SS. Ara ìyá àti bàbá ló ti jogún rẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ kò sì jẹ́ sọ pé ìwà òbí ló fà á. Ṣùgbọ́n omi mímu, aṣọ òtútù, oògùn lásìkò, ta ló ń ṣe é? Òbí ni. Òbí kọ́ ló fa ADHD, òbí sì lè sọ ọ́ di fúfúyẹ́ tàbí ẹrù ìnira.

Hinshaw kò sì fọwọ́ bo àléébù tó wà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 2011, àwọn òbí Amẹ́ríkà sọ pé 11 nínú 100 ọmọ wọn tó wà láàárín ọdún 4 sí 17 ni wọ́n ti sọ fún pé ó ní ADHD, ìyẹn ìlọ́po méjì iye tí ìwádìí kárí ayé ń rí. Ní 2007, ó lé ní 15 nínú 100 ní North Carolina, ó sì jẹ́ nǹkan bí 6 ní California. Ṣé afẹ́fẹ́ North Carolina ló yàtọ̀ ni? Òun àti onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan, Richard Scheffler, wádìí rẹ̀, wọ́n sì rí i pé òfin ilé ẹ̀kọ́ wà nídìí rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti so owó àti orúkọ ilé ẹ̀kọ́ mọ́ máàkì ìdánwò, orúkọ ADHD ń pọ̀ sí i kíákíá, pàápàá lára ọmọ tálákà. Àìsàn náà jẹ́ òótọ́. Ìkánjú fi orúkọ rẹ̀ pe ọmọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́dọ̀ dókítà náà jẹ́ òótọ́. Ẹni tó bá di ọ̀kan mú tó ju èkejì nù kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán.

Apá kejì iṣẹ́ rẹ̀ rèé. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ máa ń fi àmì sára ẹrú tàbí ọ̀daràn kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni Òyìnbó ti mú ọ̀rọ̀ "stigma". Ìdẹ́yẹsí ni mo máa pè é. Àmì ti òde òní kò sí lára awọ. Ẹnu èèyàn ló wà, ó sì ń ràn. Ó máa ń ràn dé ọ̀dọ̀ ẹbí. Àwa náà mọ̀ ọ́n: bí ìgbéyàwó bá ń bọ̀, wọ́n á rán èèyàn lọ wádìí ilé, ẹ̀tẹ̀, wárápá àti wèrè ni wọ́n sì ń bèèrè. "Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ." Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé àwàdà ni òwe yìí, ìgbà tí mo dàgbà ni mo gbọ́ ohùn ìyá tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ẹbí, ó ń wọ inú òfin lọ: ní Nàìjíríà, títí di oṣù kìíní 2023 tí wọ́n fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, òfin "Lunacy" tó ti wà látayé àwọn Òyìnbó amúnisìn la ṣì ń lò. Ibi tó burú jù tó ń wọ̀ ni inú aláìsàn fúnra rẹ̀, tí òun náà á wá gbà pé bí wọ́n ṣe ń wo òun lòun rí.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ìmọ̀ ló máa pa á. Ká sáà ṣàlàyé fún àwọn èèyàn pé àìsàn ni, pé inú ọpọlọ ló wà, kì í ṣe àfọwọ́fà, kì í ṣe èpè. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ìwádìí tí Hinshaw ń tọ́ka sí ló yí mi lọ́kàn padà. Ní Amẹ́ríkà, láàárín 1950 sí 1996, ìmọ̀ àwọn ará ìlú nípa àìsàn ọpọlọ pọ̀ sí i gan-an. Láàárín àkókò kan náà, àwọn tó ń sọ pé aláìsàn ọpọlọ jẹ́ oníjàgídíjàgan pọ̀ sí i pẹ̀lú. Láàárín 1996 sí 2006, àwọn tó gbà pé inú ọpọlọ ni àìsàn náà ti ń wá tún pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìfẹ́ wọn láti bá aláìsàn gbé ládùúgbò tàbí bá a ṣiṣẹ́ kò pọ̀ sí i. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé: bí a bá sọ pé ọpọlọ ló dàrú, a ó dẹ́kun dídá a lẹ́bi, àmọ́ a tún lè rò pé "bí a ṣe dá a nìyẹn, kò lè san, ká yáa jìnnà sí i." Ẹ̀bi lọ, ẹ̀rù dé.

Ẹ̀rù yẹn wà nílé wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn bi èèyàn 2,040 léèrè ọ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2005. Nínú 100, ó lé ní 96 tó gbà pé aláìsàn ọpọlọ léwu. Ó lé ní 82 tó sọ pé ẹ̀rù á bà wọ́n láti bá a sọ̀rọ̀ lásán. Sọ̀rọ̀ o, kì í ṣe fẹ́ ẹ.

Ohun tó ń dín in kù jù, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí ṣe fi hàn, ni ìfarakanra: kéèyàn mọ ẹnì kan tó ní àìsàn náà, kí wọ́n jọ jẹun, kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, kó gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu onítàn. Ìdí nìyẹn tí Hinshaw fi darapọ̀ mọ́ iṣẹ́ ẹgbẹ́ Bring Change to Mind, tí òṣèré Glenn Close dá sílẹ̀ ní 2010 nítorí àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ní bipolar. Wọ́n ń dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà, àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń darí rẹ̀, àgbà kan kàn ń jókòó tì wọ́n ni. Wọn kì í dúró kọ́ ara wọn ní orúkọ àìsàn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀.

Òun alára pẹ́ kó tó lè ṣe ohun tó ń sọ. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń kọ̀wé nípa ọmọ ọlọ́mọ kó tó kọ̀wé nípa bàbá rẹ̀. Ọdún 2002 ni ìwé àkọ́kọ́ lórí bàbá náà jáde, nígbà tí bàbá ti kú. Mi ò bá a wí. Ilé tó ti kọ́ èèyàn láti pa ẹnu mọ́ látìgbà ọmọ ọwọ́, kì í ṣe ọjọ́ kan ni ẹnu ń là níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n láàárín àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ kò dáwọ́ dúró mọ́ láti ọjọ́ tí bàbá ti pè é wọ yàrá ìkàwé. Nígbàkúùgbà tó bá wálé, wọ́n á tún jókòó, bàbá á tún rántí nǹkan mìíràn: òrùlé Pasadena, okùn tí wọ́n fi dè é, àwọn tí wọ́n jọ wà ní Byberry. Bàbá kú ní 1995. Ọdún 18 ni wọ́n fi dákẹ́ fún ọmọ náà. Ọdún 24 ni òun àti bàbá rẹ̀ fi sọ̀rọ̀.